Ìbéèrè Yín Lórí Mọ́tò: Mẹ̀sí tó ń jókòó lóru, Lexus inú ṣẹ́ẹ̀dì, àti gíà tí ò kọjá méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò olówó tó ti dàgbà ló kún inú lẹ́tà yín, Mẹ̀sí (Mercedes), Lexus, BMW, àwọn tí a máa ń wò lókèèrè láyé ọjọ́sí tí owó wọn wá rọlẹ̀ débi pé òṣìṣẹ́ tó fara balẹ̀ tọ́jú owó lè rà á. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á o, mọ́tò gidi ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín máa bi mẹkáníìkì yín ni pé kí ló fà á? Kó tó ní kí ẹ lọ ra nǹkankan, kó kọ́kọ́ fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ fojú ara yín rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé. Mo ra Mẹ̀sí S430 ti 2003 lọ́dún tó kọjá, tòkunbọ̀ ni, owó tí mo rà á ò tó owó Corolla tí kò dàgbà tó o, inú mi dùn gan-an. Láti bí oṣù méjì báyìí, tí mo bá páàkì ẹ̀ lálẹ́, tó bá di àárọ̀ ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún á ti jókòó sílẹ̀, tí mo bá sì tan án á rọra dìde. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò dìde mọ́ rárá, ó kọ ọ́ sí dáṣíbọọ̀dù pé mọ́tò ti lọ sílẹ̀ jù kí n dúró. Mẹkáníìkì mi ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló kú. Ẹlòmíì ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ dànù kí òun fi sípírìngì sí i. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Àti pé ṣé bí màá ṣe máa náwó lórí ẹ̀ lọ nìyí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ìran S-Class tí S430 yín wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní W220 tí wọ́n gbé jáde ní 1998 tí wọ́n sì ṣe títí dé 2005, kò ní sípírìngì onírin bíi ti mọ́tò tó kù, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò rọ́bà tiẹ̀ lára ṣọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sẹ́ńsọ̀ sì wà tó ń wò ó bóyá mọ́tò ga tó bó ṣe yẹ. Airmatic ni Mercedes pè é. (Àwọn S600 àti S55 tó jẹ́ ọ́ìlì ló ń gbé tiwọn, ìyẹn ò kàn yín.) Ohun tó jẹ́ kí ẹ gun kòtò láàárín Ìwó Road àti Gate tí ẹ ò fi mọ̀ ọ́n lára nìyẹn.

Àmọ́ rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́, mọ́tò yín sì ti lé ní ogún ọdún. Ibi tí rọ́bà yẹn ti ń ká tó sì ń nà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń sán, ooru tiwa níbí náà ò sì ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti sán díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde lóru, mọ́tò á jókòó. Ẹ tan án láàárọ̀, sẹ́ńsọ̀ á ní ó ti lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, á tún jò, á tún fẹ́ ẹ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe pé kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sinmi á wá di èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti Àkóbọ̀ títí dé Dùgbẹ̀ láìsinmi, títí á fi jó. Oṣù méjì tí ẹ fi ń wò ó tó ń jókòó, òun ni oṣù méjì tó fi ń pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Nítorí náà mẹkáníìkì yín ò purọ́, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Tí ẹ bá ra òmíì lónìí tí ẹ ò wá ojútùú sí ibi tó ń jò, òmíì yẹn náà á jó, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín láìṣẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó ń jò kò le rárá. Kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ kó dìde, ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú lálẹ́, ẹ fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti mọ́gáàdì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá di àárọ̀ ẹ tún wọ̀n ọ́ kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ló lọ sílẹ̀ bíi tiyín yìí, ṣọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ yẹn tàbí oríkèé páìpù tó wọ̀ ọ́ ni. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjì pa pọ̀ ló ń lọ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Kí wọ́n wá po ọṣẹ mọ́ omi, kí wọ́n fín in sára rọ́bà àti oríkèé páìpù, ibi tó bá ń hó ni ọ̀tá yín wà. Kò ná yín ní nǹkankan ju ọṣẹ lọ. Tí wọ́n bá sì máa pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rìléè ẹ̀ (suwíìṣì kékeré tó ń fún un níná) pẹ̀lú, torí rìléè tó bá ti gan á jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró, owó rìléè yẹn ò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń bà jẹ́.

Lórí sípírìngì tí ẹnì kejì ní kí ẹ fi sí i. Ojúlówó ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ iwájú láti Mercedes, ẹyọ kan lè súnmọ́ 1,000 dọ́là, tí ẹ bá wá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nìyẹn fún ẹsẹ̀ kan o. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì wà tó ń tún àtijọ́ ṣe, tí wọ́n ń pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀ tí wọ́n sì ń tà á ní owó tó kéré sí ìyẹn dáadáa, èyí ni èmi máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n rà, tòkunbọ̀ ṣọ́ọ̀kì láti Àràròmí ní Gate tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó máa ń dára lójú àmọ́ rọ́bà ẹ̀ lọ́jọ́ orí kan náà pẹ̀lú tiyín ni. Tí agbára ò bá wá ká a, sípírìngì kì í ṣe èèwọ̀, kìkì pé kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún W220 gan-an, sípírìngì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀, tí wọ́n ti wọn ìwúwo mọ́tò mọ́ ọn. Iná Airmatic á ṣì máa tàn lójú dáṣíbọọ̀dù àyàfi tí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà mọ́tò bá pa á, mọ́tò ò sì ní rọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń gé sípírìngì mọ́tò míì tí wọ́n ń fi wẹ́dà lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Mọ́tò tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó ń sáré lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn, tí ibi tí wọ́n lẹ̀ bá já, ẹ̀mí ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa: kí ọmọ iṣẹ́ kankan má wọ abẹ́ mọ́tò yẹn nítorí pé ó ga nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e. Tí páìpù bá já lójijì, mọ́tò á wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Jáàkì sitáńdì onírin ni kí wọ́n fi gbé e, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù.

Ẹ tún bèèrè nípa ìnáwó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń ta S430 ní tuntun l'Ámẹ́ríkà, ó lé ní 70,000 dọ́là. Mọ́tò ti wálẹ̀, sípéà páàtì ẹ̀ ò bá a wálẹ̀, ẹ ra mọ́tò ní owó Corolla àmọ́ mọ́tò ẹni tó ní 70,000 dọ́là lẹ̀ ń tọ́jú. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra páàtì yẹn níbi tó ti ń bọ̀, dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báǹkì ṣáájú June 2023, ẹ̀yin náà mọ ibi tó wà báyìí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ra irú mọ́tò yìí má fi gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ rà á, kó fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta owó mọ́tò pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́, torí ohun tí ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ò ṣe kó tó tà á, ọwọ́ yín ló máa bọ́ sí. Ẹ́ńjìnnì V8 yín, M113, ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, mo fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, àmọ́ púlọ́ọ̀gì 16 ló ń lò, méjì méjì ní sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, bíi lítà 8 ẹ́ńjìn ọ́ìlì ló ń mu, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì tó ní nọ́ńbà MB 229.5 lára gálọ́ọ̀nù. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ àmọ́ tó gbóná tán tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kó wá tún ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta pọ́ńbù epo fún yín, sẹ́ńsọ̀ kíránkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kò wọ́n.

Epo ńkọ́? Táńkì yín ń gba 88 lítà. Tí ẹ bá ra lítà kan ní 1,000 náírà, 88,000 náírà nìyẹn kó tó kún. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìbàdàn ó lè jẹ lítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún 100 kìlómítà, lójú ọ̀nà tó já geere ó máa ń dínkù sí nǹkan bíi 11. Ẹ fi ṣírò iye tí ẹ̀ ń rìn lọ́sẹ̀. Inṣọ́ránsì ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, third party ti mọ́tò àdáni ti di 15,000 náírà láti January 2023.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Òkè-Àdó ni mo wà. Ọkọ mi tó dolóògbé lọ́dún méjì sẹ́yìn fi Lexus LS 430 sílẹ̀, 2004 ni, 96,000 máìlì ló wà lójú ẹ̀. Inú ṣẹ́ẹ̀dì ló wà látìgbà yẹn, a kàn ń nu eruku ara ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ní kí n tà á, èmi ò fẹ́ tà á torí ó fẹ́ràn mọ́tò yẹn púpọ̀, mo sì lè máa fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àkọ́bí mi ní òun ń mú bátìrì tuntun bọ̀ ní Sátidé láti tan án. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe àkọ́bí yín lónìí, kó má tan án ní Sátidé.

Bàbá mọ mọ́tò rà. Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 3UZ wà lára àwọn tó ń pẹ́ jù tí Toyota ṣe. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì onírọ́bà kan wà nínú ẹ̀, táímìnì bẹ́líìtì, òun ló ń so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ òkè kí fáàfù àti píísítìnì máa yẹra fún ara wọn. Iye tí ilé-iṣẹ́ fi sí i pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni 90,000 máìlì, tiyín ti wọ 96,000, ọjọ́ orí náà sì ń ṣiṣẹ́ lára rọ́bà bí mọ́tò ò tiẹ̀ rìn. Tó bá já, fáàfù á gbá píísítìnì, ẹ́ńjìnnì tí kò ní ìyọnu kankan tẹ́lẹ̀ á di èyí tí wọ́n ń tú palẹ̀. Nítorí náà àyàfi tí ẹ bá rí rìsíìtì nínú ìwé Bàbá pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì ṣe é. Ẹ wo inú àpótí iwájú mọ́tò, àwọn èèyàn wa àgbà máa ń kó rìsíìtì pamọ́ síbẹ̀. Pọ́ńbù omi ẹ̀, bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí i, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nígbà kan náà àti àwọn ohun tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, torí iṣẹ́ títú ẹ̀ ló gbówó lórí, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fa epo tó wà ní táńkì jáde, epo tó ti jókòó fún ọdún méjì kì í ṣe epo mọ́. Kí wọ́n da ẹ́ńjìn ọ́ìlì dànù kí wọ́n rọ tuntun. Kí wọ́n ṣí bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá eku ti gé wáyà, nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹni ní Òkè-Àdó, eku á ti débẹ̀. Táyà náà ńkọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí ohun tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ìyẹn ti dàgbà jù láti gbé yín, bó ti wù kí ojú ẹ̀ dán tó.

Ṣé kí ẹ tà á? Màmá, tí ẹ bá máa fi jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀, owó bẹ́líìtì yẹn lẹ máa ná tí ara máa fi tù yín fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì iwájú ló kù tó máa ń jẹ owó díẹ̀díẹ̀ lórí títì wa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú ṣẹ́ẹ̀dì ló tún máa padà sí, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ tà á fún ẹni tó máa lò ó. Ìdúró yẹn ló ń bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yíyí ìwé padà láti orúkọ olóògbé, ẹ bá lọ́yà sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó san owó.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, o kú làálàá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Mọ́níyà ni mo ń gbé. Mo ní Mẹ̀sí E320 ti 2001. Tí mo bá ń lọ, yóò kàn ṣàdédé gan sí gíà kejì, kò ní lọ sókè, kò ní wá sílẹ̀. Tí mo bá pa á tí mo sì tún tan án, yóò dára fún ìgbà díẹ̀. Mẹkáníìkì ní gíà ti kú, pé kí n mówó wá kí òun lọ ra odindi gíà tòkunbọ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má tíì fún un lówó. Gíà tó ti kú ò ní dára nítorí pé ẹ pa mọ́tò tí ẹ tún tan án. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà gíà rí nǹkan tí kò yé e, ó wá ti gíà mọ́ méjì láti dáàbò bo ara ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ètè sílẹ̀ máa pa lápálápá ni.

Gíà alámárùn-ún tó wà nínú mọ́tò yín, 722.6, ìyọnu ẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ò ju méjì lọ. Ọ̀kan ni pé púlọ́ọ̀gì wáyà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tí wọ́n fi rọ́bà kékeré dí, rọ́bà yẹn máa ń gbó, ọ́ìlì gíà á wá máa jò sínú púlọ́ọ̀gì, á gba inú wáyà gun òkè lọ, tó bá pẹ́ á dé inú kọ̀ǹpútà gíà. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì yẹn kí ẹ fojú rí i, tó bá tutù fún ọ́ìlì, wọ́n ti rí i. Páàtì kékeré yẹn, nǹkan bíi 20 dọ́là ni lókè òkun, Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi gíà! Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì tí kọ̀ǹpútà náà wò pẹ̀lú, tí ọ́ìlì bá ti débẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Ìkejì ni pátákó iná kan tó wà nínú gíà fúnra ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré wà lára ẹ̀, òun náà máa ń kú. Wọ́n máa tú abẹ́ gíà kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àmọ́ wọn ò ní sọ gíà kalẹ̀. Sikánà tó mọ Mẹ̀sí ló máa sọ èyí tó jẹ́, ẹ wá rìwáyà tó ní in, kì í ṣe sikánà kékeré tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kà.

Nígbà tí wọ́n bá ti tú abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà gíà. Ilé-iṣẹ́ sọ nígbà kan pé ọ́ìlì yẹn ò ní ìparí, wọ́n padà yí ọ̀rọ̀ yẹn. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ MB 236.14 sí lára, kí wọ́n má rọ ọ́ìlì gíà pupa èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ sínú ẹ̀. Gíà yẹn ò wá pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì o, irinṣẹ́ pàtàkì ni wọ́n ń tì bọ ihò ẹ̀, nígbà tí ọ́ìlì bá ti gbóná dé 80°C, mẹkáníìkì tó bá ń fojú díwọ̀n ọ́ìlì sínú ẹ̀ lè fa ìyọnu mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, BMW 530i, 2006, Ọ̀jọ́ọ̀. Ó gbóná lẹ́ẹ̀kan, mẹkáníìkì wá yọ tẹ̀mósítáàtì ẹ̀ jù nù, ó ní ìlú tó gbóná bíi tiwa ò nílò ẹ̀. Kò gbóná mọ́, àmọ́ epo tó ń jẹ pọ̀ sí i, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn. Omi kànga la máa ń rọ sí i.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ni. Tẹ̀mósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ibi tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni, á máa rọ epo sí i. Ìdí nìyẹn tí epo fi ń lọ tí iná sì tàn. Ti BMW yín tún le sí i, kọ̀ǹpútà ló ń darí tẹ̀mósítáàtì ẹ̀, pọ́ńbù omi ẹ̀ náà kì í fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́, iná ló ń yí i, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pọ́ńbù yẹn ló ń kú lọ tó fi gbóná nígbà àkọ́kọ́, tó bá wá kú pátá lórí ìrìn, ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù àti magnésíọ̀mù ò ní fara da ooru yẹn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sikánà wo pọ́ńbù, kí wọ́n ra tẹ̀mósítáàtì ojúlówó padà síbẹ̀, kí wọ́n wo àwọn páìpù oníke àti ike tí omi ń wà nínú ẹ̀ bóyá ó ti sán, kí wọ́n da omi kànga yẹn dànù. Kúláǹtì tí BMW fọwọ́ sí ni kí wọ́n pò mọ́ omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú ẹ̀, ààbọ̀ sí ààbọ̀. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ má gbé e lọ Èkó.